Ẹ Bi Wá, Ẹ Gbọ́ Èsì: Táǹkì RV Ti Fẹ́ Kún, Orí Òkè La Sì Wà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn wa. Lẹ́tà tó wọlé lórí RV, ọkọ̀ tí ilé wà nínú ẹ̀ yẹn, pọ̀ ju èyí tí mo lè fèsì sí lẹ́ẹ̀kan lọ, mo sì mọ ìdí ẹ̀, ìgbà ooru ti ń wọlé ní Amẹ́ríkà, gbogbo èèyàn ló fẹ́ gun òkè lọ gba atẹ́gùn. Mo wá kíyè sí i pé kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ìran ti dáa, ibi tí ẹ máa da ìgbẹ́ sí ni gbogbo yín ń béèrè. Ó dùn mọ́ mi gan-an ni, torí ohun tó yẹ kéèyàn bèèrè kó tó kúrò nílé nìyẹn, àwọn tó ń háyà ọkọ̀ yìí kì í sì í ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa, wọ́n á kàn nawọ́ sí páìpù kan lábẹ́ ọkọ̀ pé "ibí lẹ ti máa tú u", kí ẹ tó lanu wọ́n ti fún yín ní kọ́kọ́rọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Èmi àti ìyàwó mi pẹ̀lú àwọn ọmọ wa mẹ́ta fẹ́ háyà RV ní Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado, a máa lo ọjọ́ mẹ́rin nínú Rocky Mountain National Park lápá Estes Park, lẹ́yìn náà a máa gba orí òkè kọjá sí Grand Lake. A ti sanwó ibùdó àti gbogbo ẹ̀, àfìgbà tí mo ka ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni mo rí i pé kò sí páìpù ìdọ̀tí kankan níbi tí a máa páàkì sí. Ìyàwó mi bi mí pé "Dádì, ìgbẹ́ èèyàn márùn-ún, ibo ló máa gbà lọ?" Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ṣé a lè gbé e dúró títí a fi máa padà dé Denver ni, àbí ibì kan wà lọ́hùn-ún? — Bàbá ọmọ mẹ́ta

Bàbá ọmọ mẹ́ta, ẹ bá mi kí ìyá àwọn ọmọ dáadáa, ìbéèrè tiwọn ló gbọ́n jù nínú gbogbo lẹ́tà tó wà níwájú mi.

Ká kọ́kọ́ mú ti Denver kúrò nílẹ̀: rárá o, ẹ ò lè gbé e dúró. Ẹ wò ó, RV tí wọ́n sábà máa ń háyà fún ìdílé bíi tiyín, èyí tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 25 sí 28, táǹkì mẹ́ta ló ní, ọ̀kan fún omi tó mọ́, ọ̀kan fún omi ìwẹ̀ àti omi abọ́ tí wọ́n ń pè ní gray, ọ̀kan fún tọ́lẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní black, gray àti black yẹn sì máa ń gbà tó nǹkan bíi galọ́ọ̀nù 30 níkọ̀ọ̀kan. Ṣáwà á máa tú bíi galọ́ọ̀nù 2 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Tí ọmọ kan bá wọlé lọ wẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tó ń kọrin, galọ́ọ̀nù 20 ti lọ nìyẹn. Ẹnì kejì ò ní tíì fọ ọṣẹ kúrò lójú tí gray á fi kún dẹ́nu, tí omi ìdọ̀tí á bẹ̀rẹ̀ sí í ru padà sókè láti ihò ṣáwà, á máa fọwọ́ ra ọmọ lẹ́sẹ̀. Gbogbo yín lẹ̀ ń bẹ̀rù ìgbẹ́, omi ìwẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dójú ti èèyàn. Nínú páàkì yẹn kò sí ilé ìwẹ̀ ní àwọn ibùdó wọn o, nítorí náà ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti ìsinsìnyí, kí wọ́n rọ omi sára, kí wọ́n pa á, kí wọ́n fọṣẹ, kí wọ́n wá ṣí i padà fi ṣan ara. Wọ́n á ráhùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ráhùn.

Ibi tí ẹ máa da á sí wá ńkọ́? Nínú páàkì náà fúnra ẹ̀, ibùdó mẹ́ta ló ní dump station, ìyẹn ihò tí wọ́n ṣe sílẹ̀ fún dída ìdọ̀tí RV, Moraine Park àti Glacier Basin wà lápá ìlà oòrùn, ìyẹn ọ̀dọ̀ Estes Park, Timber Creek sì wà lápá ìwọ̀ oòrùn lójú ọ̀nà Grand Lake. Ìgbà ooru ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ Aspenglen, ibùdó míì nínú páàkì náà, lẹ gbà, ẹ máa wakọ̀ lọ sí ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́, kò jìnnà. Tó bá jẹ́ èmi ni, ọjọ́ kejì lálẹ́ tàbí ọjọ́ kẹta ni màá ti lọ tú u, nígbà tí táǹkì ò tíì kọjá ìdajì púpọ̀, torí pé àárọ̀ ọjọ́ Sunday tí gbogbo ayé ń palẹ̀ mọ́ ni ìlà máa ń gùn, ẹ ó rí ọkọ̀ méje mẹ́jọ tó tò níwájú yín, ẹni tó wà lẹ́nu ihò sì lè jẹ́ ẹni tí kò ṣe é rí láyé ẹ̀.

Ẹ tún tú u lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó gbéra lọ sí Grand Lake. Kì í ṣe torí òórùn. Ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà yẹn, Trail Ridge Road, ó ga dé ẹsẹ̀ bàtà 12,183 lókè pátápátá, Estes Park fúnra ẹ̀ sì wà ní bíi 7,500, ẹ ṣírò ohun tí ọkọ̀ yín máa gùn. Galọ́ọ̀nù omi kan wúwo ju pọ́ùn 8 lọ, galọ́ọ̀nù 60 ìdọ̀tí lápapọ̀ á tó pọ́ùn 500. Ta ló ń gbé pọ́ùn 500 ìgbẹ́ àti omi abọ́ gun òkè? Ẹ̀ńjìnnì á máa kérora nígbà tó bá ń gun òkè, bíréèkì á máa gbóná nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, omi inú táǹkì á sì máa jì síwá sẹ́yìn ní gbogbo kọ́nà, kọ́nà ibẹ̀ pọ̀ o. Ẹ fi táǹkì òfìfo gun òkè, tí ẹ bá dé Timber Creek ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ẹ tún tú ìwọ̀nba tó bá wà níbẹ̀.

Fún àwọn tó bá máa padà gba apá ìlà oòrùn lọ sí Denver, Boyd Lake State Park tó wà ní Loveland àti St. Vrain State Park tó wà nítòsí Longmont ní dump station, owó ẹnu géètì páàkì yẹn ni kí ẹ múra sílẹ̀ fún. Ẹ má sì dá ọkọ̀ padà fún ẹni tí ẹ háyà ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí nínú, owó tí wọ́n ń gé fún un kì í ṣe kékeré.

Nípa bí ẹ ṣe lè rí i níbòmíì tí kì í ṣe Colorado, torí ó tó ẹni márùn-ún tó bèèrè ìyẹn: ibi tí ọkọ̀ ńlá ti ń ra epo lẹ́bàá ọ̀nà gbọọrọ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, ọ̀pọ̀ Flying J àti Love's ló ní in, dọ́là 10 sí 20 ni ẹ sábà máa san. Àwọn páàkì ìjọba ìpínlẹ̀ tẹ̀ lé e. Àwọn ọgbà RV aládàáni náà máa ń gba àlejò tí kò sùn lọ́dọ̀ wọn, ẹ kàn pè wọ́n kí ẹ tó lọ. Ní ìlú kéékèèké orí òkè, nígbà míì ibi tí ìlú ti ń ṣe omi ìdọ̀tí wọn gan-an ni wọ́n fi ihò kan sí fún àlejò, ẹ béèrè ní ilé ìtọ́nisọ́nà. Ojú ọ̀nà náà máa ń sọ̀rọ̀, ẹ wo pátákó búlúù tó ní àwòrán ọkọ̀ funfun tí nǹkan ń tọ́ka láti abẹ́ ẹ̀ sísàlẹ̀. Íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Sanidumps wà, iOverlander wà, wọ́n wúlò, ṣùgbọ́n ẹ wá a kí ẹ tó gòkè, kí ẹ sì fi sí inú fóònù, torí ní àfonífojì tó wà láàárín òkè méjì nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń kú fin-ín. Ẹ tún wo ọjọ́ tí ẹni tó kọ̀wé síbẹ̀ kẹ́yìn kọ ọ́, ohun tí wọ́n kọ ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ilẹ̀kùn ibẹ̀ lè ti di títì.

Èyí ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an. Ìlú kan báyìí lórí òkè, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, ápù sọ pé dump station wà lẹ́yìn ilé epo kan, a débẹ̀ ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́, òjò ń rọ̀, ṣéènì ni mo bá lẹ́nu ihò, pẹ̀lú garawa kan tí wọ́n dojú ẹ̀ délẹ̀ lórí ẹ̀. Ọmọkùnrin tó wà nínú ilé epo ní ó ti tó ọdún méjì tí wọ́n ti tì í. Gbogbo ilé ti fi ọjọ́ mẹ́ta jẹun, wọ́n ti fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe ohun tó ń tẹ̀ lé oúnjẹ. Wákàtí kan gbáko la fi sọ̀ kalẹ̀ nínú òkùnkùn yẹn, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lo tọ́lẹ́ẹ̀tì, àbúrò ìyàwó mi ń gbàdúrà lẹ́yìn. Láti ọjọ́ yẹn, ibi méjì ni mo máa ń mọ̀ ṣáájú, èyí tí mo fẹ́ lọ àti èyí tí mo máa sá lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ mi. Èmi àti bàbá ti fẹ̀yìn tì, RV la fi ń rìn kiri báyìí, òkè Smoky la ń lọ. Bàbá ló ń ṣe ọ̀rọ̀ táǹkì tẹ́lẹ̀, ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n báyìí, ó ti di tèmi. Ojú máa ń tì mí tí àwọn èèyàn bá tò sẹ́yìn mi. Ẹ bá mi sọ ọ́ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. — Màmá àgbà

Màmá mi, ẹ kú ìrìn, ẹ sì bá mi kí bàbá, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ní Great Smoky Mountains, ihò wà ní ibùdó Smokemont àti ti Cades Cove, wọ́n sì tún ní ọ̀kan lódìkejì títì sí Sugarlands Visitor Center, èyí tó sún mọ́ Gatlinburg jù nìyẹn. Páàkì náà ò ní páìpù ìdọ̀tí ní ojú ibùdó kankan, nítorí náà ẹ máa lò wọ́n dandan.

Ẹnu páìpù ọkọ̀ yín wà lápá òsì, ọwọ́ ibi tí ẹni tó ń wakọ̀ ń jókòó sí. Ẹ wọlé kí ihò lè bọ́ sí ọwọ́ òsì, kí ẹ sún ọkọ̀ títí ẹnu páìpù á fi wà ní ọ̀gangan ihò, má jẹ̀ẹ́ kí hóòsì gùn kọjá, èyí tó bá gùn tó tẹ̀ kọ́lọ́kọ̀lọ máa ń há ìdọ̀tí sínú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ ráábà, kì í ṣe tí ẹ fi ń fọ abọ́ o. Ẹ ti fáàfù méjèèjì, ti black àti ti gray, wò pé wọ́n pa. Ẹ wá ṣí ìdérí ẹnu páìpù jẹ́jẹ́, ẹ̀kán díẹ̀ máa ń kán, ẹ gbé garawa kékeré sábẹ́ ẹ̀. Ẹ so hóòsì mọ́ ọkọ̀ kọ́kọ́, ẹ yí i títí á fi dún, kí ẹ wá ti orí kejì bọ ihò, ẹ fi òkúta lé e tàbí kí ẹ fẹsẹ̀ tẹ ìdérí ihò mọ́ ọn lórí, torí tí ìdọ̀tí bá dé lójijì hóòsì máa ń fò bí ejò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀.

Fáàfù black lẹ máa kọ́kọ́ fà. Ẹ fà á tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ má rọra fà á, ẹ jẹ́ kó ya pọ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ, á dún gbùùù, á wá rẹlẹ̀, á di kíkán. Tí ẹ bá ra ìgbọ̀nwọ́ páìpù tó mọ́lẹ̀ gaara bíi gíláàsì, ẹ ó tiẹ̀ máa rí ohun tó ń kọjá, mo mọ̀ pé kò dùn ún wò, ṣùgbọ́n òun ló máa sọ fún yín pé ó ti tán lóòótọ́. Ẹ pa á. Ẹ wá fa gray, omi ọṣẹ yẹn á ṣan inú hóòsì kúrò. Ìdí tí black fi ń ṣáájú nìyẹn, ẹni tó bá dorí ẹ̀ kodò á gbé hóòsì tó kún fún ohun tí mi ò fẹ́ dárúkọ padà sínú ọkọ̀. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ tú hóòsì, ẹ yọ orí tọkọ̀ kọ́kọ́, ẹ gbé e sókè kí gbogbo ẹ̀ ṣàn wọ inú ihò, kí ẹ tó wá yọ orí kejì.

Ẹ̀rọ omi tó máa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò náà, tó ní hóòsì gígùn, ti fífọ nǹkan ni o, kì í ṣe mímu. Ẹ má fi ẹnu kàn án, ẹ má fi bu omi sínú táǹkì mímu, ẹ ò mọ ibi tí ẹni tó lò ó ṣáájú yín ti bọ ẹnu hóòsì yẹn. Omi mímu máa ń ní ẹ̀rọ tiẹ̀ lápá ọ̀tọ̀.

Nípa ti ojú tó ń tì yín, màmá, àwọn tó wà lẹ́yìn yẹn, irú ẹrù kan náà ni wọ́n gbé wá.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ wa kan tó máa ń lọ sí apá Grand Lake sọ pé omi abọ́ àti omi ìwẹ̀ ò ṣe nǹkan kan, pé òun kàn máa ń ṣí fáàfù gray díẹ̀díẹ̀ sínú koríko lóru, ilẹ̀ á fà á mu. Ṣé òótọ́ ni? — Àbúrò yín

Àbúrò mi, ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ kó ọ sí wàhálà. Nínú páàkì ìjọba àpapọ̀, títú omi tàbí ìdọ̀tí ọkọ̀ sílẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí wọ́n ṣe fún un, òfin kọ̀ ọ́ pátápátá, ó lè di ẹ̀wọ̀n tó tó oṣù mẹ́fà tàbí owó ìtanràn tó lè dé dọ́là 5,000, tàbí méjèèjì. Má sọ fún mi pé òru ni, òórùn ọṣẹ àti ọ̀rá kì í sùn lóru. Béárì gan-an máa ń gbọ́ òórùn ẹ̀, ó sì máa ń wá wò ó.

Ti òfin kọ́ ló tiẹ̀ ń dùn mí jù. Ṣé o mọ ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ ń da omi abọ́ sí? Orísun odò Colorado wà nínú páàkì yẹn, ó ń ṣàn gba àfonífojì tí Timber Creek wà kọjá, kò tíì di odò ńlá níbẹ̀, èèyàn lè fẹsẹ̀ là á kọjá láwọn ibì kan. Ó wá ṣàn lọ sápá Grand Lake, ìlú tó ní adágún tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, láti inú adágún yẹn wọ́n sì gbẹ́ ihò kan gba abẹ́ òkè kọjá, Adams Tunnel ni wọ́n ń pè é, máìlì 13 ni gígùn ẹ̀, láti ọdún 1947 ló ti ń gbé omi lọ sápá kejì, ó ń yọ nítòsí Estes Park, láti ibẹ̀ ó ń lọ sílé àti oko àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan. Omi tí ọ̀rẹ́ rẹ tú sínú koríko lápá ìwọ̀ oòrùn lóru lè gba abẹ́ òkè lọ bá ẹlòmíì lápá ìlà oòrùn. Ra táǹkì kékeré tó ní táyà, wọ́n ń tà á, tú gray sínú ẹ̀, wọ́ ọ lọ sí ihò láì gbé ọkọ̀ kúrò. Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn náà lè ra tiẹ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iná tó wà lára ògiri sọ pé black wa kún, a tú u, omi tó mọ́ ló ń jáde gbẹ̀yìn, ó ṣì ń sọ pé ó kún. Ṣé táǹkì ti bàjẹ́ ni? — Ẹni tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀

Táǹkì ò bàjẹ́, sẹ́ńsọ̀ ló ń purọ́. Àwọn ìṣó kéékèèké ló wà lára táǹkì nínú, tí tíṣù bá ti lẹ̀ mọ́ wọn, wọ́n á máa pariwo pé ó kún títí ayé. Ẹ bu omi bíi ìdajì sí i lẹ́yìn tí ẹ bá tú u, ẹ wakọ̀ kiri, kọ́nà orí òkè á bá yín gbọ̀n ọ́n, ẹ wá tú u lẹ́ẹ̀kan sí i. Omi díẹ̀ ni ọ̀tá táǹkì yìí, ẹni tó ń ṣọ́ omi lò ní tọ́lẹ́ẹ̀tì máa bá òkìtì líle kan pàdé lábẹ́ ihò tọ́lẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ kan. Kẹ́míkà tí ẹ bá fẹ́ lò, ẹ ka ara ìgò, tí ẹ bá rí formaldehyde ẹ dá a padà sórí àtẹ, ó ń pa kòkòrò tó ń jẹ ìgbẹ́ nínú sokaweé tí ọ̀pọ̀ ihò orí òkè wọ̀nyẹn ń ṣàn lọ.

Sà, oṣù October la fẹ́ lọ sí Grand Lake, kí èrò tó wà níbẹ̀ lè dín kù. Ṣé nǹkan wà tó yẹ ká mọ̀? — Tọkọtaya

Èrò á dín kù lóòótọ́, ihò náà á sì dín kù. Trail Ridge Road sábà máa ń tì láàárín October títí di ìparí May, tí yìnyín bá sì tètè dé ó lè tì kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ má gbé gbogbo ètò lé e lórí. Tó bá ti tì, ẹ ò lè gba orí òkè láti Estes Park mọ́, I-70 àti US 40 lẹ máa yí gbà. Àwọn dump station inú páàkì náà máa ń ti omi wọn pa kó má bàa dì sínú páìpù, ibi tí ẹ máa lò ni àwọn ilé epo ńlá tó wà nísàlẹ̀, ẹ pè wọ́n lórí fóònù kí ẹ tó lọ. Òru orí òkè tutù gan-an nígbà yẹn, ẹ bu omi pupa tí kì í dì tí wọ́n ṣe fún RV díẹ̀ sínú gray àti black, ẹnu fáàfù ló ń lọ jókòó sí. Tí ẹ bá jí tí fáàfù ò ṣeé fà, ẹ má fi agbára fà á, irin ẹ̀ á já mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ páàkì síbi tí oòrùn á ti máa ta sí apá òsì ọkọ̀, ọ̀sán ni kí ẹ lọ tú u.